Bí Ara Ẹja Tí Ẹ Ṣẹ̀ṣẹ̀ Rà Kò Bá Dá

Ọ̀rọ̀ ẹja ni mo bá wá lónìí. Ẹja tó wà láàyè ni o, èyí tí èèyàn fowó rà, tó gbé wálé tayọ̀tayọ̀, tó wá rí i lọ́jọ́ kejì pé kò jẹun mọ́. Ó fara ti kọ̀rọ̀ kan, lẹbẹ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kí ni ká ṣe fún un?

Oríṣi èèyàn méjì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn ládùúgbò wa, ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù. Àwọn kan ń sin ẹja fún ojú. Ẹ ó rí àpótí gíláàsì nínú pálọ̀, ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí, níbi tí wọ́n ti ń gbàlejò ní òtẹ́ẹ̀lì, tí goldfish pupa ń lúwẹ̀ẹ́ kiri nínú rẹ̀. Àwọn kejì ń sìn ín fún owó àti fún ikùn, ẹja àrọ̀ nínú pọ́ńdù oníkóńkéré tàbí ti tapólì lẹ́yìnkùlé. Ẹni tó ra goldfish mẹ́rin àti ẹni tó ra ọmọ ẹja àrọ̀ ẹgbẹ̀rún kan lè rò pé ọ̀rọ̀ àwọn kò jọra. Ó jọra púpọ̀. Àwọn méjèèjì gbé ẹja láti ibòmíràn, bóyá Òṣogbo, bóyá Ìbàdàn tàbí Èkó, wọ́n sì fẹ́ dà á mọ́ ti ilé. Ibẹ̀ ni ewu wà.

Ìrìn àjò yẹn ni kí a kọ́kọ́ wò. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í fún ọmọ ẹja lóúnjẹ lọ́jọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò, kó má baà yàgbẹ́ sínú omi tí yóò gbé e lọ. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń tà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n kó ẹja sínú kẹ́ẹ̀gì, tàbí sínú ọ̀rá tí wọ́n fẹ́ ọ́síjìn sí. Ọkọ̀ dúró ní gáréèjì títí èrò fi kún, oòrùn sì ń pa á. Ẹja ń mí, afẹ́fẹ́ tó mí jáde kò ríbi gbà, inú omi ló ń wọ̀. Ìdọ̀tí tó ń gba ibi ìmí rẹ̀ jáde, èyí tí a ń pè ní amóníà, òun náà ń pọ̀ sí i. Níwọ̀n ìgbà tí ẹnu ọ̀rá bá wà ní dídì, afẹ́fẹ́ tí ẹja mí jáde yẹn ń mú kí omi kan díẹ̀, amóníà inú omi tó kan kì í sì fi bẹ́ẹ̀ pa ẹja lára. Gbàrà tí a bá tú ẹnu ọ̀rá, afẹ́fẹ́ náà jáde, omi kò kan mọ́, amóníà yẹn sì di májèlé gan-an.

Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ àṣà kí a tú ọ̀rá sílẹ̀ kalẹ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì, kí a máa fi ife bu omi ilé sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹja ń jìyà níbẹ̀ láìjẹ́ pé a mọ̀. Ẹ gbé ọ̀rá náà lé orí omi tí ẹja yóò gbé, ẹnu rẹ̀ ní dídì, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, kí omi méjèèjì lè gbóná bákan náà. Lẹ́yìn náà ẹ tú u, ẹ fi àwọ̀n kékeré kó ẹja jáde kíá sínú omi tó ń dúró dè é. Omi inú ọ̀rá, ẹ dà á sílẹ̀ níbi tó jìnnà sí pọ́ńdù. Omi tó bá ẹja wá láti ibòmíràn kò gbọdọ̀ bá a wọ ilé yín.

Omi tó ń dúró dè é tí mo wí yìí kì í ṣe pọ́ńdù ńlá, kì í sì í ṣe àpótí gíláàsì tí àwọn ẹja àtijọ́ wà. Ibi ìyàsọ́tọ̀ ni. Àwa ará Ọ̀ṣun kò ṣàì mọ ohun tó ń jẹ́ ìyàsọ́tọ̀. Lóṣù kẹta ọdún 2020, nígbà àrùn Kòrónà, àwọn ọmọ wa tó lé ní ọgọ́rùn-ún darí dé láti orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Ìjọba kò jẹ́ kí wọ́n lọ sílé tààrà, Èjìgbò ni wọ́n kọ́kọ́ dá wọn dúró sí. Wọ́n ń rìn, wọ́n ń jẹun, ojú lásán kò lè sọ ẹni tó kó àrùn yàtọ̀ sí ẹni tí kò kó o. Àyẹ̀wò ló fi àwọn kan hàn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹja tuntun. Èyí tó ń sáré kiri, tí ara rẹ̀ ń dán, lè gbé kòkòrò wá síbi ìmí rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní rí. Nítorí náà, gbogbo ẹja tó bá wọlé ni ìyàsọ́tọ̀ wà fún, kì í ṣe èyí tó ń ṣàìsàn nìkan. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kéré jù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló tẹ́ èmi lọ́rùn. Bí àìsàn bá yọjú láàárín rẹ̀, ẹ tún ọjọ́ kà, láti ọjọ́ tí àmì ìkẹyìn ti kúrò lára wọn.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń sọ lọ́kàn pé, níbo ni mo ti fẹ́ rówó ra àpótí mìíràn? Kò gba owó ńlá. Báàfù onírọ́bà tó fẹ̀, kẹ́ẹ̀gì ńlá tí a gé orí rẹ̀, tàbí bọ́kẹ́ẹ̀tì bí méjì fún goldfish kéékèèké, tó. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ti gbé kẹ́míkà tàbí oògùn oko rí, ẹ má lò ó, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. Ẹ má da yanrìn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ lè máa rí ìgbẹ́ àti oúnjẹ tó ṣẹ́ kù. Ẹ ju páìpù kúkúrú kan tàbí méjì sínú rẹ̀ kí ẹja lè ríbi sá sí, nítorí ẹja tí kò ríbi sá sí kì í sinmi, èyí tí kò bá sì sinmi kì í tètè gbádùn. Ẹ fi àwọ̀n bo ẹnu rẹ̀. Ẹja àrọ̀ ń fò jáde lóru, ẹ ó sì bá a nílẹ̀ ní gbígbẹ láàárọ̀.

Ibi tí a óò gbé e sí náà ṣe pàtàkì. Ẹ gbé e sí ibòji, kúrò níbi tí oòrùn ọ̀sán ti ń wọlé. Ẹ gbé e jìnnà sí ẹnu jẹnẹrétọ̀. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má fín oògùn ẹ̀fọn nínú yàrá tí ẹja wà. Oògùn yẹn tí a ń fín tán tí a sì ń sùn sí, ìwọ̀nba kíún tó bá bọ́ sójú omi tó láti pa ẹja. Ẹja tí wọ́n ní “àìsàn tí a kò mọ̀” pa, ó lè jẹ́ oògùn ẹ̀fọn ló pa á.

Àwọ̀n tí ẹ fi ń kó ẹja ìyàsọ́tọ̀, ike tí ẹ fi ń bu omi rẹ̀, ẹ má gbé wọn lọ sídìí pọ́ńdù. Ẹja ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ fún lóúnjẹ, kí ẹ tó wá sídìí àwọn àlejò, kí ẹ sì fọ ọwọ́ lẹ́yìn náà. Bí ẹ bá lo ohun èlò kan tán, ẹ fi háípò pẹ̀lú omi fọ̀ ọ́, ẹ ṣàn án dáadáa, ẹ sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ pátápátá. Gbígbẹ yẹn gan-an ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò omi.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí ọ̀rọ̀ gan-an. Ẹja ti wà ní ìyàsọ́tọ̀, ara rẹ̀ kò sì dá. Ohun tí mo ti rí lọ́pọ̀ ìgbà ni pé ilé oògùn ni a máa ń sáré lọ. Mo bẹ̀ yín, omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó wo ẹja. Nínú pọ́ńdù tàbí àpótí tó ti pẹ́, àwọn bakitéríà rere kan wà tó lẹ̀ mọ́ ògiri, mọ́ òkúta, mọ́ fóòmù tó ń sẹ́ omi. Àwọn kan nínú wọn ń sọ amóníà di ohun mìíràn tí wọ́n ń pè ní nitrite, àwọn kan tún ń sọ nitrite di nitrate, tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Omi inú báàfù tuntun kò ní ìkankan nínú wọn. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni wọ́n ń gbà kí wọ́n tó pọ̀ tó láti ṣiṣẹ́. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹja ń gbé nínú ìtọ̀ ara rẹ̀. Ibi ìmí rẹ̀ ń jó o, ó ń mí kíákíá, kò fẹ́ jẹun, àwọ̀ rẹ̀ ń ṣì. Ẹni tó rí i yóò ní àìsàn ni. Bí ó bá sì da oògùn sí i, ó ti fi ìyà kún ìyà.

Ọ̀nà wà. Bí ẹ bá ní àpótí tàbí pọ́ńdù tí ara àwọn ẹja inú rẹ̀ le, ẹ ju fóòmù kan sínú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹ tó lọ ra ẹja tuntun. Lọ́jọ́ tí àlejò bá dé, ẹ gbé fóòmù náà bọ́ sínú báàfù ìyàsọ́tọ̀, bakitéríà rere yóò bá a lọ. Ẹ má ṣe dá a padà sí ti ilé mọ́. Bí ẹ kò bá ní irú fóòmù bẹ́ẹ̀, pípààrọ̀ omi ni yóò gba ẹja yín là: ìdá mẹ́rin omi lójoojúmọ́, tàbí ìdajì bí ẹja bá pọ̀ tàbí bí wọ́n bá ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àwọn tó ń ta ohun èlò ẹja ní ohun tí a fi ń dán amóníà wò nínú omi. Ó yẹ kí ẹni tó ń fi ẹja ṣòwò ní in lọ́wọ́.

Irú omi wo? Omi ẹ̀rọ ìjọba, èyí tí wọ́n kọ́ ìdídò Èkó-Èǹdé sórí odò Ọ̀tìn láti pèsè, kílórììnì ni wọ́n fi ń pa kòkòrò inú irú omi bẹ́ẹ̀. Kílórììnì tó ń dáàbò bo ikùn wa ń bó ibi ìmí ẹja. Ẹ pọn ọ́n sínú ohun tó lẹ́nu gbòòrò, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ kejì kí ẹ tó lò ó. Omi kànga kò ní kílórììnì. Omi bọ́ọ̀hò náà kò ní in, ṣùgbọ́n èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ilẹ̀ jáde kì í sábà ní ọ́síjìn tó, ó sì lè kún fún afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí jáde. Ẹ máa dà á láti òkè sí ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan, tàbí kí ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú. Kí omi tí ẹ fẹ́ dà sí i má sì tutù ju èyí tó wà níbẹ̀ lọ. Lásìkò ọyẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Pọ́ńdù ńlá kì í tètè tutù, ṣùgbọ́n omi báàfù máa ń tutù nini kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọ ẹja àrọ̀ tó sì fẹ́ràn omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, láàárín ìwọ̀n 26 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kò ní lè bá àrùn jà. Ẹ gbé báàfù wọ inú ilé lásìkò yẹn, kí ẹ sì bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Tí iná ìjọba bá lọ, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi yóò kú. Ẹ̀rọ kékeré tó ń lo bátìrì wà. Bí kò bá sí, ẹ máa fi ife bu omi sókè, kí ẹ máa dà á padà, fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà. Ohun tó dára jù ni kí ẹja má pọ̀ jù nínú báàfù láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹja àrọ̀ ní ìwà kan tó máa ń ṣi èèyàn lọ́nà. Ó ní ẹ̀yà ara kan nínú orí rẹ̀, lókè ibi ìmí, tó fi lè mí afẹ́fẹ́ tí àwa náà ń mí. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i tó yọ sókè, tó gbé afẹ́fẹ́ mì, tó sì padà sísàlẹ̀, àlàáfíà ló wà. Ìwà rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i tó dúró ṣánṣán, tó gbé ẹnu sókè tí ìrù rẹ̀ wà nísàlẹ̀, tí kò kúrò lójú omi, àpẹẹrẹ burúkú ni: omi ti bàjẹ́, tàbí nǹkan kan ti mú un níbi ìmí. Goldfish ní tirẹ̀ kò ní irú ẹ̀yà ara yẹn. Bí goldfish bá ń yọ sókè gbá afẹ́fẹ́ léraléra, ẹ má dúró wò ó, ọ́síjìn ti tán nínú omi náà, tàbí kí ó jẹ́ pé amóníà ti jó ibi ìmí rẹ̀. Ẹni tó bá ń sin oríṣi ẹja méjèèjì gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ yìí.

Ó tún yẹ kí ẹ mọ̀ pé ọmọ ẹja àrọ̀ ń jẹ ara wọn. Bí ẹ bá rí i tí ìrù ń já, tí ọgbẹ́ ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí iye wọn sì ń dín láìsí òkú, kì í ṣe àrùn. Àwọn tó ti dàgbà ju ẹgbẹ́ wọn lọ ló ń gbé èyí tó kéré mì. Ẹ ṣà wọ́n sọ́tọ̀.

Bí omi bá wá dára tí ọjọ́ méjì mẹ́ta sì kọjá, tí ara ẹja kò dá síbẹ̀, a jẹ́ pé àrùn ni. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lára ẹja tuntun ni tótóótó funfun bí ẹni bu iyọ̀ sí i lára. Kòkòrò kan tó ń jẹ́ Ichthyophthirius multifiliis ló ń fà á. N óò dúró díẹ̀ lórí rẹ̀, nítorí ẹni tó bá mọ bó ṣe ń gbé ayé rẹ̀ kò ní fowó ṣòfò. Tóró funfun tí ẹ ń rí yẹn, abẹ́ awọ ẹja ni kòkòrò náà wà tó ń jẹun níbẹ̀. Oògùn tí a dà sómi kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bó bá yó, yóò já bọ́ sísàlẹ̀ omi, yóò lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, yóò sì pín ara rẹ̀ sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ. Àwọn ọmọ wọ̀nyí yóò wá máa lúwẹ̀ẹ́ kiri láti wá ẹja tí wọn yóò wọ̀ lára, bí wọn kò bá sì rí i láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, wọn yóò kú. Ìgbà yìí nìkan ni iyọ̀ tàbí oògùn lè pa wọ́n.

Ẹ ti rí i nísinsìnyí ìdí tí tótóótó náà fi lè parẹ́ lára ẹja lọ́jọ́ kẹta, tí èèyàn á ní ó ti san, tí yóò sì tún yọ ní ìlọ́po lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Kò san. Ó lọ bímọ ni. Nítorí náà ẹ má dá ìtọ́jú dúró títí ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí ẹ kò bá rí tóró kankan mọ́. Lójoojúmọ́, ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fa ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ báàfù jáde, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ọmọ náà wà.

Iyọ̀ tí a fi ń sebẹ̀ wúlò púpọ̀ fún ẹja inú omi aláìníyọ̀. Fún ẹja tí ara rẹ̀ kò dá, gíráàmù kan sí lítà omi kan ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì olómi lítà 20, ṣíbí ìpo-tíì mẹ́ta tí a gé orí rẹ̀ súnmọ́ ọn. Ẹ kọ́kọ́ yọ́ ọ sínú omi lọ́tọ̀, kí ẹ máa dà á sí i díẹ̀díẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan. Fún tótóótó funfun, a lè gbé e dé gíráàmù méjì tàbí mẹ́ta sí lítà kan láàárín ọjọ́ méjì. Ẹ má kọjá ibẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni tó mọṣẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Iyọ̀ kì í bá omi fẹ́ lọ. Nítorí náà bí ẹ bá pààrọ̀ lítà márùn-ún, iyọ̀ lítà márùn-ún nìkan ni kí ẹ fi kún un. Iyọ̀ tún ń dènà oró nitrite, èyí tó ń sọ ẹ̀jẹ̀ ẹja di aláwọ̀ ilẹ̀ tí kò fi lè gbé ọ́síjìn mọ́.

Àwọn àmì yòókù, n óò sáré kọjá lórí wọn. Bí ẹja bá ń fara họ ògiri, kòkòrò tí ojú kò rí wà lára rẹ̀ tàbí níbi ìmí rẹ̀. Bí ohun bí òwú bá hù lójú ọgbẹ́, olú omi ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n bí funfun náà bá wà ní ẹnu, tàbí tó fẹ̀ lórí ẹ̀yìn rẹ̀ bíi gàárì ẹṣin, bakitéríà tó ń jẹ́ Flavobacterium columnare ni kí ẹ fura sí. Ó ń pa ẹja kíákíá, ooru sì ń ràn án lọ́wọ́. Ẹ kíyè sí èyí dáadáa, nítorí àwọn kan a máa mú omi gbóná láti lé tótóótó funfun lọ. Ooru tó wúlò fún àrùn kan ń fi àrùn kejì ṣe ìkà. Bí ikùn bá wú tí ìpẹ́ sì nà síta, inú lọ́hùn-ún ni àrùn náà ti bẹ̀rẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú irú ẹja bẹ́ẹ̀ ló ń yè.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dùn mí, n óò sì sọ ọ́ bó ṣe rí. Kápúsù tetracycline tí a ń rà ní kẹ́míìsì, tí a ń tú sínú omi ẹja gbogbo tó bá ti dákẹ́, ó yẹ kí a jáwọ́ nínú rẹ̀. Kò lè pa kòkòrò tótóótó funfun. Kò lè pa olú omi. Kò ní í ṣe pẹ̀lú amóníà rárá. Àwọn bakitéríà rere tí mo wí níṣàájú ni ó lè pa, omi yóò sì túbọ̀ bàjẹ́. Ẹja àrọ̀ tí ẹ dà á sí, ẹnìkan ni yóò jẹ ẹ́. Bákan náà, bakitéríà tó bá kọ́ bí a ṣe ń yè nínú oògùn nínú pọ́ńdù lè wá bá ọmọ èèyàn jà lọ́jọ́ kan tí oògùn yẹn kò ní ràn án mọ́. Bó bá jẹ́ pé bakitéríà ló ń pa ẹja lóòótọ́, dókítà ẹran ló yẹ kó sọ oògùn tí yóò ṣiṣẹ́, ìwọ̀n rẹ̀, àti iye ọjọ́ tí a óò dúró kí a tó ta ẹja náà fún jíjẹ.

Ewé ńkọ́? Ewé igi fúrúùtù tó gbẹ, èyí tó ń wọ́ sílẹ̀ káàkiri àgbàlá ilé ẹ̀kọ́ wa, àwọn tó ń sin ẹja Betta ní Thailand ń rẹ ẹ́ sínú omi, ó ń pa omi láró díẹ̀, kì í sì í pa ẹja lára. Mo fọwọ́ sí ewé kan tàbí méjì tí a fọ̀ mọ́, láti ibi tí a kò fín oògùn sí. Ṣùgbọ́n dóńgóyárò, ẹ ṣọ́ra. Omi dóńgóyárò tó bá ki ń pa ẹja.

Oúnjẹ wá ńkọ́? Ẹ má fún wọn ní nǹkankan lọ́jọ́ tí wọ́n dé. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi díẹ̀ wò wọ́n, bí wọn kò bá jẹ ẹ́ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ kó o jáde. Ebi ọjọ́ díẹ̀ kì í pa ẹja, oúnjẹ tó jẹrà sínú báàfù ló ń pa á.

Ẹja kan lè kú láìka gbogbo ìtọ́jú sí. Ẹ yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kí àwọn yòókù má baà jẹ ẹ́, ẹ sin ín jìnnà sí omi. Ohun tí n kò ní fara mọ́ ni kí ẹnikẹ́ni kó ẹja tó ń ṣàìsàn lọ dà sódò, kó ní òun ṣàánú rẹ̀. Odò Ọ̀tìn ń ṣàn wọ Erinlẹ̀, Erinlẹ̀ ń ṣàn wọ Ọ̀ṣun. Ohun tí a bá dà sínú rẹ̀ ní Òkukù kì í dúró ní Òkukù. Ní orílẹ̀-èdè Gánà, lọ́dún 2018, fáírọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ ISKNV wọ àwọn àgò tí wọ́n ti ń sin ẹ̀pìyà lórí adágún Volta, ẹja sì kú lọ kítikìti. Fáírọ́ọ̀sì yẹn kan náà, ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti rí i lára àwọn ẹja ojú tí wọ́n ń tà káàkiri àgbáyé. Bákan náà ni àrùn olójú ọgbẹ́ kan tó ń jẹ́ EUS, tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ní Éṣíà, yọ lára ẹja odò Chobe àti Zambezi ní gúúsù Áfíríkà ní nǹkan bí ọdún 2006 sí 2007. Ẹni tó ń fi ẹja odò jẹun lè jìyà irú àrùn bẹ́ẹ̀ láìra ẹja lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bí ẹja bá ń kú lọ tí ẹ kò mọ ìdí, ẹ lọ sí ẹ̀ka ètò ọ̀gbìn ní ìjọba ìbílẹ̀, Ìfẹ́lódùn ní Ìkìrun tàbí Odò-Ọ̀tìn ní Òkukù, kí wọ́n júwe dókítà ẹran tàbí onímọ̀ ẹja fún yín. Ẹja tó ń ṣàìsàn tó ṣì wà láàyè ni kí ẹ gbé dání, pẹ̀lú omi rẹ̀ nínú ìgò mìíràn lọ́tọ̀. Òkú ẹja tó ti ń rùn kò lè sọ nǹkankan fún wọn, nítorí ọ̀pọ̀ kòkòrò ń fi ẹja sílẹ̀ bó bá ti kú.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń múra láti lọ ra ẹja lópin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ̀bẹ̀ mi sí yín ni pé kí ẹ kọ́kọ́ gbé báàfù kalẹ̀ lónìí. Ẹ pọn omi sí i, ẹ jẹ́ kó sùn, ẹ wá àwọ̀n tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà, ẹ ní kó fún wọn lóúnjẹ lójú yín, kí ẹ wò bóyá wọ́n ń jẹ ẹ́. Bí òkú bá wà nínú omi tó fẹ́ bù fún yín, tàbí tí ọ̀kan nínú wọn ní tóró funfun, ẹ má rà á, bó ti wù kó dínwó tó.